Ipò Owó Onírin Àtijọ́ àti Iye Tí Ó Yẹ Kí A San Lé E

Ohun mẹ́ta ni ọjà fi ń díye lé owó onírin àtijọ́, ìyẹn kọ́ìnì tí àwọn olùkójọ ń wá kiri: irú owó tí ó jẹ́, bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó, àti ipò tí ara rẹ̀ wà. Irú owó kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé ọdún tí wọ́n rọ ọ́ wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀wọ́n rẹ̀ náà sì ní àkọsílẹ̀ iye tí ìjọba rọ, tí olùwádìí lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ipò nìkan ni a kò kọ sára owó. Ojú ènìyàn ni ó ń sọ ọ́, ojú ènìyàn méjì kì í sì í fìgbà gbogbo rí bákan náà. Nítorí náà, kò sí ìwé iye owó tí ó wúlò fún òǹrajà àfi bí òṣùwọ̀n tí a fi kọ ìwé náà àti òṣùwọ̀n tí a fi díwọ̀n owó tí ó wà lọ́wọ́ òǹtajà bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí kọ́ńgò tí obìnrin kan fi ń wọn gàrí bá tóbi ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, iye tí àwọn méjèèjì pe kọ́ńgò kan kò ṣeé fi wé ara wọn títí a ó fi yẹ kọ́ńgò wọn wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ipò owó onírin rí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹrajà ti ń pàdánù.

Ibi tí nọ́ńbà ipò ti wá

Òṣùwọ̀n tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ lónìí ni ti Amẹ́ríkà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 tí ó sì parí sí 70. William Sheldon ni ó gbé e jáde ní ọdún 1949 nínú ìwé tí ó kọ lórí sẹ́ǹtì bàbà ńlá tí Amẹ́ríkà rọ láàárín ọdún 1793 sí 1814. Ó yẹ kí olùkójọ mọ ìdí tí Sheldon fi yan nọ́ńbà 70, nítorí pé kì í ṣe ẹwà ni ó fẹ́ fi òṣùwọ̀n náà wọ̀n bí kò ṣe iye. Ó ṣàkíyèsí pé sẹ́ǹtì tí ó pé pérépéré máa ń mú nǹkan bí ìlọ́po 70 iye tí èyí tí ó burú jù lọ, tí a ṣì lè dá mọ̀, ń mú wá. Ó wá fún oríṣi sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní iye ìpìlẹ̀, ó sì ní kí a fi nọ́ńbà ipò sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iye ìpìlẹ̀ oríṣi kan bá jẹ́ dọ́là kan, èyí tí ipò rẹ̀ jẹ́ 20 yóò tà ní ogún dọ́là, èyí tí ó sì jẹ́ 40 yóò tà ní ogójì. Kò pẹ́ tí iye ọjà fi yà kúrò lọ́nà ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà dúró, wọ́n sì tàn dé orí fàdákà àti wúrà tí Sheldon kò ṣírò wọn mọ́ ọn rárá. Ẹni tí ó bá rí 65 lónìí tí ó sì rò pé ó fi díẹ̀ ju 60 lọ, bí máàkì ìdánwò ilé-ìwé, ń fi ìtumọ̀ tí kò sí nínú nọ́ńbà náà ṣe owó ná.

Àwọn lẹ́tà tí ó máa ń ṣáájú nọ́ńbà ni ó ń sọ ìpele. Owó tí a ti ná títí tí àwòrán ara rẹ̀ fi ń parẹ́ ń gba G tàbí VG. Èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba F, lẹ́yìn náà VF, lẹ́yìn náà EF tí àwọn mìíràn ń kọ ní XF. AU ni a ń fún owó tí ó kàn ti fara kan ọwọ́ díẹ̀, tí ibi tí ó yọ sókè jù lọ lára rẹ̀ nìkan ti pa. Láti 60 lọ sókè ni MS, ìyẹn owó tí a kò ná rí. Nínú MS yìí, nọ́ńbà mẹ́ta péré ni Sheldon lò, 60, 65 àti 70, ṣùgbọ́n ní ọdún 1986 ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ owó ní Amẹ́ríkà, ANA, tẹ́wọ́ gba nọ́ńbà mọ́kànlá láti 60 dé 70, àwọn ilé-iṣẹ́ adíwọ̀n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àròpọ̀ sí ẹ̀yìn nọ́ńbà ní ọdún 2010 fún owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìpele tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí èyí ń sọ fún òǹrajà ni pé 65 tí a kọ sára àpò ìwé owó kan ní ọdún 1978 kì í ṣe 65 ti òde òní. Ọ̀pọ̀ owó tí a tà ní 65 láyé ọjọ́un ni àwọn adíwọ̀n tí ó dé lẹ́yìn náà fún ní nọ́ńbà tí ó kéré sí i, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára owó náà.

Ohun tí àpótí ike yanjú, àti ohun tí kò yanjú

Ní ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NGC sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1987. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ra owó onírin tí wọ́n ń díwọ̀n, wọn kì í sì í tà á. Ẹni tí ó ni owó ni yóò fi ránṣẹ́ sí wọn tòun ti owó iṣẹ́, àwọn adíwọ̀n tí ó ju ẹyọ kan lọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì tì í mọ́ inú àpótí ike pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ pa, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní slab, pẹ̀lú ìwé kékeré tí ipò àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Oore tí èyí ṣe fún ọjà kò kéré rárá. Wọ́n ṣe onídùúró pé owó náà kì í ṣe ayédèrú, òǹtajà kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ipò owó rẹ̀ sókè mọ́, ẹni tí ó wà ní ìlú kan sì lè ra owó tí ó wà ní ìlú mìíràn láìrí i.

Ṣùgbọ́n ipò tí ó wà nínú àpótí ṣì jẹ́ ìdájọ́ ojú, ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà dá a. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń wo ara owó nìkan: bóyá a ti ná an tàbí a kò ná an, iye àpá tí ó wà lára rẹ̀, àti ibi tí àpá náà wà. Ọ̀nà kejì, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ lé jù, tún ń fi dídán rẹ̀, bí òǹtẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́ lára tó, àti bí àpapọ̀ rẹ̀ ṣe wu ojú kún un, ó sì ń béèrè ipò tí àwọn oníṣòwò yóò gbà láti ra owó náà sí. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù lọ. Òǹrajà rò pé ipò ni òun fi ń wá iye, kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó sọ ipò ti kọ́kọ́ fi ọkàn wo iye kí ó tó sọ ọ́. Owó kan lè ní ìparẹ́ díẹ̀ ní ibi tí ó yọ sókè, kí ó sì lẹ́wà débi pé ọjà ń ra irú rẹ̀ bí èyí tí a kò ná rí. Adíwọ̀n tí ó ń tẹ̀ lé ọjà lè fún un ní MS-62, nígbà tí adíwọ̀n tí ó ń wo ara owó nìkan yóò fún un ní AU-58 láìṣiyèméjì. Kò sí èyí tí ó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àsìkò náà tún ń yí òṣùwọ̀n padà. Nítorí pé ìlànà lè le lónìí kí ó sì rọ̀ lọ́la, àwọn oníṣòwò máa ń fọ́ àpótí, wọn a sì dá owó padà sí ilé-iṣẹ́ kan náà tàbí òmíràn pẹ̀lú ìrètí pé nọ́ńbà yóò ga sí i. Kí a sọ pé owó kan ń tà ní 400 dọ́là ní ipò 64 tí ó sì ń tà ní 1,500 dọ́là ní ipò 65: bí oníṣòwò bá gbà pé ìgbà kan nínú ìgbà mẹ́rin ni yóò gba 65, owó náà tó 675 dọ́là lójú rẹ̀ kí ó tó yọ owó iṣẹ́ kúrò, òun yóò sì rà á ju iye inú ìwé lọ. Ohun méjì ni àṣà yìí ń bàjẹ́. Èkíní ni pé àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lórí iye owó tí ó ti díwọ̀n ní ipò kọ̀ọ̀kan máa ń wú, nítorí pé owó kan náà lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ẹni tí ó fọ́ àpótí kò bá dá ìwé rẹ̀ padà. Èkejì wúwo jù ú lọ: àwọn owó tí ó dára jù ní ipò 64 ni a ń fọ́ jáde, tí wọ́n sì ń di 65, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ó kù sínú àpótí 64 ni àwọn tí ó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀. Iye tí irú àwọn wọ̀nyí ń tà ní gbàǹjo, ìyẹn ọjà tí ẹni tí ó bá pe iye tí ó ga jù ń gbé lọ, ni àwọn ìwé iye owó sì ń kó jọ.

Èyí ni ó bí ilé-iṣẹ́ CAC, tí John Albanese, ẹni tí ó dá NGC sílẹ̀, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2007. CAC ń gba owó tí PCGS tàbí NGC ti díwọ̀n, ó sì ń lẹ bébà kékeré aláwọ̀ ewé mọ́ àpótí èyí tí ó bá tọ́ sí nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa, tàbí aláwọ̀ wúrà mọ́ èyí tí ó gbà pé ipò rẹ̀ ju nọ́ńbà tí a fún un lọ. Láti ìgbà náà, owó méjì tí ọdún wọn, ilé-iṣẹ́ wọn àti nọ́ńbà ipò wọn bá ara mu lè ní iye méjì, àwọn ìwé iye owó kan sì ti ń tẹ iye èyí tí ó ní bébà CAC lọ́tọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ kékeré ti ń gba owó ńlá

Kì í ṣe gbogbo owó ni àríyànjiyàn ipò ń dí iye rẹ̀ lọ́wọ́ bákan náà, mímọ èyí tí ó kan sì wúlò fún olùkójọ ju kí ó há gbogbo òfin adíwọ̀n sórí lọ. Dọ́là fàdákà Morgan tí a rọ ní San Francisco fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1881 ìlú náà rọ 12,760,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú àpò ìjọba fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsí ẹni tí ó ná wọn, tí ó fi jẹ́ pé MS-65 ti ọdún yẹn wọ́pọ̀ gan-an lónìí. Bí adíwọ̀n kan bá ní 64 tí òmíràn sì ní 65, ohun tí ó wà láàárín wọn kò lè ba ọjọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ti ọdún 1884 láti ìlú kan náà yàtọ̀ pátápátá. 3,200,000 ni a rọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni a ná tàbí tí a yọ́, èyí tí ó ti jẹ tó sì ń tà ní ìwọ̀nba dọ́là péré, nígbà tí èyí tí a kò ná rí ń mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wá, tí àwọn tí ó ga jù nínú wọn sì ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Lórí dọ́là 1884 yìí, ìlà tí ó wà láàárín AU-58 àti MS-60 lè jẹ́ iye ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìlà kan náà sì ni ọ̀nà méjì tí a sọ lókè kò fẹnu kò lé lórí. Òǹrajà tí kò bá lè fi ojú ara rẹ̀ dá ìparẹ́ díẹ̀ mọ̀ kò gbọdọ̀ san iye MS lórí irú owó yìí, àfi tí àpótí tí ó ní orúkọ rere bá ti sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kejì ni ààbọ̀ dọ́là tí àwòrán Benjamin Franklin wà lójú rẹ̀, tí Amẹ́ríkà rọ láti ọdún 1948 sí 1963. Agogo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlà sì wà lára agogo náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá mú, ìlà wọ̀nyí a pé láìjá, owó náà a sì gba àmì FBL lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni PCGS ń wò kí ó tó fúnni ní àmì yìí, ṣùgbọ́n NGC ń fẹ́ kí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pé. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà ń ṣèlérí ohun méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀wọ́ náà, owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Fún ti San Francisco ọdún 1953, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò mú rárá, èyí tí kò ní àmì kò wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó gba FBL ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè pé FBL ti ta ni òun ń san owó fún.

Nígbà tí owó bá kọjá òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ni àwọn oníṣòwò ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, F, VF, EF, UNC àti FDC, wọn kì í sì í sábà fi nọ́ńbà kún un. Àwọn lẹ́tà náà jọ ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn le jù: VF ti London sún mọ́ EF ti New York, EF ti London sì lè bọ́ sí AU tàbí ìsàlẹ̀ MS ní Amẹ́ríkà. Ìwé iye owó tí ilé Spink ń tẹ̀ jáde lórí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo òṣùwọ̀n ti London. Ẹni tí ó bá ra owó tí oníṣòwò Amẹ́ríkà pè ní EF, tí ó sì san iye tí ó wà lábẹ́ EF nínú ìwé Spink, ti san iye owó tí ó dára ju èyí tí ó gbà lọ.

Nọ́ńbà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò boni, nítorí pé ilé-iṣẹ́ CGS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo òṣùwọ̀n tí ó parí sí 100. Owó tí ó gba 65 lọ́dọ̀ CGS wà ní àdúgbò EF, kò tíì dé ipò owó tí a kò ná rí, nígbà tí 65 lọ́dọ̀ PCGS jẹ́ èyí tí olùkójọ ń fi yangàn. Jámánì ní s, ss, vz àti st, Faransé ní TB, TTB, SUP àti FDC, ìwé ìtúmọ̀ tí ó to wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò sì lè fúnni ju ìsúnmọ́ lọ. Lórí owó Róòmù àti ti Gíríìkì ayé àtijọ́, àríyànjiyàn náà tún gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé inú ilẹ̀ ni a ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn tí a sì ti fọ̀ wọ́n. NGC kì í fún wọn ní nọ́ńbà 1 sí 70, lẹ́tà ipò ni ó ń fún wọn, pẹ̀lú máàkì 1 sí 5 fún ìtẹ̀ àti 1 sí 5 fún ojú owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá tààrà nípasẹ̀ owó tí àjọ tí ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lẹ́yìn tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1912. Kọ́bọ̀ oníhò, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti àníní ọdún 1936 tí orúkọ Ọba Edward Kẹjọ wà lára wọn ni a ń sábà gbé wá sí ọjà pẹ̀lú iye gọbọi, nítorí pé owó tí ó ní orúkọ ọba yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a rọ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tí a sì ná ní ọjà, ipò nìkan ni ó sì lè gbé iye wọn sókè. Ìwé iye owó Krause tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà to iye wọn, oníṣòwò London sì lè fi ti London ṣàpèjúwe wọn, nítorí náà ẹni tí ó jogún wọn ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí ó sì dúró tì í. Kò sì gbọdọ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí iyanrìn fọ̀ wọ́n. Owó tí a ti fọ̀ ń pàdánù dídán tí òǹtẹ̀ fi sí i lára, kò sì sí ohun tí ó lè dá a padà. PCGS àti NGC kò ní fún un ní nọ́ńbà ipò mọ́, wọn yóò kàn kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti ní àbùkù, owó náà yóò sì tà ní iye tí ó kéré púpọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń díye lé e

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá iye owó kan mọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó sọ ipò rẹ̀ àti ìgbà tí ó sọ ọ́. Bí òǹtajà ni ó sọ ọ́, kí òǹrajà fi ojú ara rẹ̀ tún un díwọ̀n lábẹ́ iná kan ṣoṣo àti awò tí ń mú nǹkan tóbi, kí ó máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè rìn yí i ká. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti já lórí ibi tí ó yọ sókè jù lọ, ìparẹ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣí ìwé iye tí ó bá òṣùwọ̀n yẹn mu, kí ó sì wo ìpele tí ó wà lókè àti ní ìsàlẹ̀ ipò tí a sọ. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, kí ó ra èyí tí ó wù ú. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, iye ìpele ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, kí òǹtajà sì fi ẹ̀rí gbé e sókè.

Iye tí owó irú kan náà, nínú àpótí ilé-iṣẹ́ kan náà, tà ní gbàǹjo láìpẹ́ sàn ju iye inú ìwé lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kó títà márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, nítorí pé èyí tí ó ga jù nínú wọn lè jẹ́ owó tí àwọn oníṣòwò méjì rò pé ó ṣeé fọ́ jáde, èyí tí ó kéré jù sì lè jẹ́ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Kí a tún wò ó bóyá iye tí a kéde ní owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ òǹrajà nínú: àwọn ilé ńlá Amẹ́ríkà sábà máa ń fi kún un kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ iye tí òòlù balẹ̀ lé nìkan, ohun tí ó wà láàárín méjèèjì sì lè tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Nígbà tí ìdúnàádúrà bá parí, ìwé rírà gbọ́dọ̀ ní orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi sọ ipò náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lórí àpótí, àti iye ọjọ́ tí òǹrajà ní láti dá owó padà bí adíwọ̀n mìíràn kò bá gbà pẹ̀lú ipò tí a tà á sí.